Ẹ Má Fi Ẹ̀rọ Gba Ipò Omele

Ìbà Àyàn Àgalú. Ìbà àwọn onílù tó ti re ìwàlẹ̀ àsà, ìbà àwọn tí ọwọ́ wọn ṣì wà lára awọ. Kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí má di ìjà láàárín àwa ọmọ ìyá.

Àríyànjiyàn kan ti wà láàárín àwa tí a ń pe ara wa ní agbáṣàga fún ìgbà díẹ̀ báyìí, kò sì tíì tán. Àwọn kan nínú wa rí olórin tó dá nìkan dúró lórí ìtàgé, tí kò ní ju gìtá kan àti ohùn ẹnu rẹ̀ lọ, tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ kékeré kan nílẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì di ohùn ènìyàn mẹ́wàá láìpẹ́ láìjìnnà. Wọ́n ní èké ni. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń kọrin, kì í ṣe òun. Àwọn mìíràn rí ohun kan náà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n ní ọ̀nà àbáyọ dé: níwọ̀n bí owó iṣẹ́ onílù ti wọ́n, tí ọmọ onílù sì ń sá lọ sídìí iṣẹ́ mìíràn, ẹ jẹ́ kí onílù kan ṣoṣo gbé ìyá ìlù wá síbi ọdún, kí ó kọ́kọ́ lu omele sínú ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ máa tún un lù, kí òun wá máa fi ìyá ìlù sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ènìyàn kan, owó iṣẹ́ ẹnì kan, ìlù mẹ́rin.

Apá àkọ́kọ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń bú. Apá kejì kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ tà. Apá kejì yìí gan-an ni mo bá wí lónìí, àmọ́ n kò lè bá wọn wí dáadáa bí n kò bá kọ́kọ́ gba olórin adánìkanṣe sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń bú u. Ẹni tí kò bá mọ iyì iṣẹ́ kan kò lè mọ ibi tí iṣẹ́ náà dé dúró.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Looper ni àwọn òyìnbó ń pe ẹ̀rọ náà. Olórin á tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á ta gìtá tàbí kí ó lu nǹkan fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, á sì tún tẹ ẹ́. Láti ìgbà tó bá ti tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ni ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lù yóò ti máa padà wá, tí yóò máa yí po bí ẹṣin tí a so mọ́ èèkàn, láìdúró. Á wá fi ohùn mìíràn lé e. Èyí náà á wọ inú ẹ̀rọ, á sì máa yí po pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Á fi ẹ̀kẹta lé e, á fi ẹ̀kẹrin. Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ló ń pinnu bí gbogbo ìyókù yóò ti gùn tó. Bí ó bá yá ẹsẹ̀ díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, àní bí kò tilẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan, orin náà yóò máa kọsẹ̀ ní ojú kan náà nígbàkígbà tó bá yí po. Àṣìṣe tó bá bọ́ sínú rẹ̀ kì í lọ. Ńṣe ló ń padà wá bí ẹni tí a jẹ lówó.

Èyí ni mo fi sọ pé kì í ṣe èké. Èké ni ẹni tó ká orin sílẹ̀ nílé, tó wá ń la ẹnu lásán níwájú èrò. Olórin looper kò gbé nǹkan kan wá láti ilé ju ọgbọ́n orí àti ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ojú gbogbo ènìyàn ló ti ń mọ ògiri rẹ̀, bíríkì kan lẹ́yìn òmíràn. Ní ọdún 2004, ọmọbìnrin ará Scotland kan tí à ń pè ní KT Tunstall rọ́pò Nas, olórin Amẹ́ríkà tí kò lè wá mọ́, lórí ètò tẹlifíṣọ̀n Later... with Jools Holland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun nìkan ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gìtá àti ẹ̀rọ Akai Headrush lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá ara gìtá, ìyẹn di ìlù rẹ̀. Ó kọ ohùn elégbè fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í lé orin. Alẹ́ ọjọ́ kan yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2015, Ed Sheeran dá nìkan dúró ní pápá ìṣeré Wembley fún alẹ́ mẹ́ta, láìsí onílù, láìsí elégbè, èrò tó wá wò ó lálẹ́ kọ̀ọ̀kan sì tó nǹkan bí 80,000. Nígbà tó kọrin ní Glastonbury ní ọdún 2017, àwọn òǹwòran kan rò pé orin àkásílẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Ó di dandan kí ó jáde wá ṣàlàyé fún aráyé pé gbogbo ohun tí wọ́n gbọ́, níbẹ̀ gan-an lòun ti ṣe é. Àwọn tó ń pe iṣẹ́ yìí ní èké láàárín wa kò yàtọ̀ sí àwọn òǹwòran wọ̀nyẹn.

Ẹni tó bá sì rò pé eré àwọn ọmọ òde òní ni, kí ó gbọ́ èyí. Ní ọdún 1963, ní ìlú Paris, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Terry Riley wà ní ilé iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Faransé, ó sì fẹ́ kí ohùn kan máa tún ara rẹ̀ sọ. Òṣìṣẹ́ ilé rédíò náà gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ta téèpù kan láti orí ọ̀kan dé orí èkejì: ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ń gba ohùn sílẹ̀, ìkejì ń sọ ọ́ jáde, ó sì tún ń dá a padà sínú ti àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ni Riley ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi fèrè saksofóònù àti dùùrù dá ṣeré, nígbà mìíràn láti alẹ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi ń mọ́. Nígbà tó wá fi irú eré yìí sínú àwo rẹ̀ ní ọdún 1969, orúkọ tó fún un ni Poppy Nogood and the Phantom Band. Ìtumọ̀ ìdajì orúkọ náà ni ẹgbẹ́ olórin òjìji. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn fún mi. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí kò tan ara rẹ̀ jẹ pé òun ní alábàáṣe. Ó mọ̀ pé òjìji òun ni òun ń bá ṣeré, ó sì kọ ọ́ sára àwo.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Robert Fripp àti Brian Eno fi ẹ̀rọ Revox méjì ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1973, tí Fripp sì gbé e káàkiri ní ọdún 1979, tó ń fi gìtá dá ṣeré ní ilé oúnjẹ àti ní ṣọ́ọ̀bù àwo orin. Nígbà tó fi di ọdún 1994, Lexicon ti ṣe ẹ̀rọ JamMan tí kò nílò téèpù. Ní ọdún 2001, Boss ṣe RC-20, èyí tí olórin tálákà lè rà, tí ó sì lè gbé sábẹ́ ẹsẹ̀. Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo nínú ìtàn yìí ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí ọ̀nà rẹ̀ gba ẹ̀bá ilé wa kọjá. Steve Reich ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1965 ó mú ohùn oníwàásù kan tó ń wàásù ní ìta gbangba ní San Francisco, ó gé e, ó so téèpù rẹ̀ lórí mọ́ ìdí kí ó lè máa yí po, ó sì jẹ́ kí téèpù méjì bẹ̀rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n máa ya ara wọn díẹ̀díẹ̀. It's Gonna Rain ni orúkọ iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní yunifásítì títí dòní. Ọkùnrin yìí tún kan ẹ̀rọ kan fún irú iṣẹ́ yìí, ó gbé e lọ síwájú èrò, ó sì pa á tì. Ní ọdún 1970, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Gánà, ó jókòó ti Gideon Alorwoyie, ọ̀gá onílù Ewe, ó ń kọ́ ìlù. Àwọn Ewe, ará ilé wa ni wọ́n ní Gánà àti Tógò. Àwọn náà ní agogo tí kì í yẹ̀, wọ́n ní ìlù kékeré tó ń di ilẹ̀ mú, wọ́n sì ní ìlù ńlá tó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí Reich padà délé, ó kọ iṣẹ́ ńlá kan tó pè ní Drumming, tó parí ní ọdún 1971. Ènìyàn ló kọ ọ́ fún. Ènìyàn tó ń lu awọ, tó ń lu igi, tó ń lu irin, tó sì ń kọrin. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ìrìn àjò náà fi ìdí ohun tó ti wà lọ́kàn òun múlẹ̀, pé ohun èlò tí ọwọ́ ènìyàn ń lù lè mú ohùn tó jinlẹ̀ ju ti ẹ̀rọ iná mànàmáná lọ jáde. Ẹni tó mọ àlùtúnlù orí téèpù bí ẹni mọ owó ló rí onílù ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, tó sì padà sọ́dọ̀ ènìyàn. Àwa tí a bí sáàárín onílù wá ń gbèrò láti rin ọ̀nà náà sẹ́yìn.

Àwọn tí mo ń bá wí ní ìdáhùn kan tó lágbára, n kò sì ní fi í pamọ́. Wọ́n ní: ṣebí omele náà kò ṣe ju àlùtúnlù lọ? Ṣebí láti ìbẹ̀rẹ̀ ijó títí dé òpin, ohun kan náà ni kúdi ń sọ? Bí ènìyàn bá lè sọ ohun kan náà fún wákàtí mẹ́ta, kí ló dé tí ẹ̀rọ kò fi lè bá a sọ ọ́? Ẹni tó dúró lẹ́yìn òde, tó ń gbọ́ ìlù láti òkèèrè, lè gba èyí gbọ́. Ẹni tó bá ti gbé omele kọ́ ọrùn rí kò lè gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a mú bàtá. Ọ̀wọ́ bàtá ilẹ̀ wa ní ìyá ìlù, omele abo, omele akọ àti kúdi. Ìyá ìlù ló ń sọ̀rọ̀, omele abo sì ń bá a pín ọ̀rọ̀ náà sọ, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò, gbólóhùn á fọ́ sí méjì. Omele akọ àti kúdi ló ń di ilẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n dì mú kì í ṣe ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Bí ìyá ìlù bá fẹ́ kúrò nínú ìlù kan bọ́ sí òmíràn, á ju ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀; kí ọ̀rọ̀ náà tó tán, omele ti yà. Bí alàgbà bá dìde láti sọ̀rọ̀, ọwọ́ omele á rọlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a wí. Bí ó bá rẹ oníjó, omele á mọ̀ kí oníjó fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Bí ẹni tó ń lu ìyá ìlù bá gbàgbé ibi tó wà (èyí sì ń ṣẹlẹ̀ sí àgbà onílù pẹ̀lú, bí wọn kò tilẹ̀ ní jẹ́wọ́), omele á fa ọwọ́ díẹ̀ títí yóò fi rí ojú ọ̀nà rẹ̀. Ohun kan náà ni omele ń lù, àmọ́ kì í lù ú bákan náà. Dùndún náà kò yàtọ̀: ẹ lọ jókòó ti ẹni tó gbé gúdúgúdú kọ́ ọrùn fún wákàtí kan, kí ẹ ka iye ìgbà tó gbé ojú sókè wo alájọlù rẹ̀.

Ẹ̀rọ ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí a tẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó di odi. Wọ́n lè dá mi lóhùn pé ẹ̀rọ tuntun ti wà tó lè yára tàbí kí ó falẹ̀ bí olórin bá pàṣẹ fún un. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí a bá pàṣẹ. Omele kì í dúró de àṣẹ, bí ó bá sì di pé ẹni tó ń lu ìyá ìlù gbọ́dọ̀ máa pàṣẹ fún omele ní gbogbo ìgbà, ta ni yóò máa wo elégùn?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ orin lásán nìyí. Lórí ìtàgé, olórin ló ń pinnu ibi tí orin ń lọ, èrò á sì tẹ̀ lé e. Ní ojúbọ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òrìṣà bá ń bọ̀ wá gun elégùn, onílù kì í lọ síbi tó wù ú. Ẹsẹ̀ elégùn, èjìká rẹ̀ àti ojú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀wọ́ ìlù ń kà. Ìlù lè yára ní ìlọ́po méjì láàárín ìgbà tí a fi ń mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó lè dákẹ́ wọlọ. Ó lè dúró lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́ nítorí pé ẹnì kan tó wà níbẹ̀ nílò ọ̀rọ̀ náà. Ẹ gbé okùn ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ tí a ti ta mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ síbẹ̀, kí ẹ wá sọ fún mi ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹni. Òrìṣà ni yóò wá máa jó sí ìwọ̀n ẹ̀rọ.

Àwọn olórin looper tó já fáfá mọ ẹ̀wọ̀n yìí ju wa lọ. Ó yẹ kí àwọn olólùfẹ́ wọn láàárín wa gbọ́ ọ láti ẹnu iṣẹ́ wọn. Orin orí looper sábà máa ń ní ìrísí kan ṣoṣo: ó bẹ̀rẹ̀ ní tín-ín-rín, ó ń nípọn bí ipele ti ń gorí ipele, ó kún àkúnya, ó sì dákẹ́ lójijì. Ẹ gbọ́ mẹ́ta léra wọn, ẹ ó ti mọ bí ẹ̀kẹrin yóò ṣe parí. Nítorí náà ni àwọn tó gbọ́n nínú wọn fi ń wá ihò tí wọn yóò gbà jáde. Téèpù Fripp jẹ́ kí ohùn àtijọ́ máa kú díẹ̀díẹ̀ bí tuntun ti ń wọlé. Reggie Watts á fi ẹnu nìkan kọ́ ilé ohùn tó ga, á wó o lulẹ̀ láàárín ẹ̀fẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Zoë Keating tó ń ta sẹ́lò so kọ̀ǹpútà mọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì ń fi ẹsẹ̀ yan èyí tí yóò dún àti èyí tí yóò dákẹ́. Ed Sheeran ńkọ́, ẹni tó fi looper kún Wembley? Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò orin rẹ̀ ti ọdún 2022, ó kó ẹgbẹ́ olórin wá bá a ṣe díẹ̀ nínú àwọn orin rẹ̀. N kò ní sọ pé ẹ̀rọ já a kulẹ̀. Mo kàn ní kí ẹ wò ó pé ọkùnrin tó lówó ju gbogbo ìgbìmọ̀ ọdún wa lọ, tó sì mọ ẹ̀rọ náà bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, rí i pé àwọn orin kan wà tí òjìji kò lè bá òun kọ.

Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun kò lówó, wọn kò sì ní òmìnira. Ní Kúbà, wọ́n tún ọ̀wọ́ bàtá tò: iyá, itótele, okónkolo. Okónkolo ló kéré jù, òun ló ń ṣe àlùtúnlù jù, itótele ń dá iyá lóhùn, iyá sì ń ṣe olórí. Ní Brazil, nínú ilé Candomblé, wọ́n ní rum, rumpi àti lé. Rum ni ìlù ńlá tó ń bá òrìṣà sọ̀rọ̀, àwọn méjì yòókù ń di ilẹ̀ mú. Bí ó bá jẹ́ pé ìlù kékeré kò wúlò ju ariwo ẹ̀yìn lọ, ta ni ìbá tún ní ìdí láti pa á tì ju àwọn ẹrú tí ọlọ́pàá ń lé kiri nítorí ìlù? Síbẹ̀ wọ́n fi ènìyàn sídìí okónkolo, wọ́n fi ènìyàn sídìí lé. Ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá, ènìyàn ṣì ni.

Èyí ló mú mi dé ibi tó ń dùn mí jù lọ. Ọmọ onílù kì í bẹ̀rẹ̀ lórí ìyá ìlù. Ní agbo ilé Àyàn, orí ìlù kékeré ni Àyánwálé àti Àyántúndé ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì kan ilẹ̀ lórí àga. Ní Kúbà, okónkolo ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń gbà. Kì í ṣe nítorí pé ó rọrùn nìkan. Ìdí rẹ̀ ni pé ibẹ̀ ni ọmọ náà ti ń gbọ́ ìyá ìlù láti inú, fún ọdún márùn-ún, fún ọdún mẹ́wàá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ó wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, etí rẹ̀ sì ń kó oríkì, òwe, àti ọ̀nà tí baba rẹ̀ ń gbà fi ọ̀rọ̀ kan dá ìjà dúró. Àga omele ni yunifásítì rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ sórí àga náà, kí ẹ wá sọ fún mi ibi tí ọmọ yóò jókòó sí. Ẹ̀rọ náà yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lónìí, kò ní pẹ́, kò ní bínú, kò ní béèrè owó ọkọ̀. Lẹ́yìn ogún ọdún, ohùn omele yóò ṣì wà nínú rẹ̀, ó mọ́ kedere. Ẹni tí yóò lu ìyá ìlù lé e lórí ni a kò ní rí.

Wọ́n ní owó ni. Mo gbọ́. Mo mọ iye tí nǹkan ń jẹ́ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé ìnáwó ọdún wa wò. Owó àgọ́ wà níbẹ̀, owó jẹnẹrétọ̀ àti epo rẹ̀ wà níbẹ̀, owó sípíkà, owó ẹni tó ń ya fídíò, owó aṣọ tí a ó wọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá tán ni a ń ránti onílù, ara rẹ̀ sì ni a ti ń wá èyí tí a ó gé. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dábàá pé kí ẹ̀rọ bá wa jẹ ìrẹsì kí a lè dín owó oúnjẹ kù. Tí a bá sì ń pariwo pé ọmọ onílù ń sá kúrò nídìí iṣẹ́, ṣé a rò pé yóò padà wá nígbà tó bá gbọ́ pé ẹ̀rọ ni a fi rọ́pò òun?

Ṣé kí a wá sọ ẹ̀rọ náà sínú odò? Rárá. Ọmọ Yorùbá kan wà ní London tàbí ní Houston lónìí tó ra gángan, tí kò ní ẹnikẹ́ni tí yóò bá a lu ìlù kejì láàárín ibùsọ̀ mélòó kan. Kí ó ra looper. Ẹ̀rọ náà yóò ràn án lọ́wọ́ ju fídíò lọ, nítorí kò ní bá a lu omele àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá kọ́kọ́ lù ú, kí ó sì lù ú dáadáa. Àṣìṣe tó bá ṣe yóò sì máa dún sí i létí títí yóò fi tún un ṣe. Olùkọ́ tó le nìyẹn, ó sì dára fún ẹni tó wà ní àdádó. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ gbé dùndún lọ sí ìtàgé ìlú ńlá, kí wọ́n so ó mọ́ looper, kí wọ́n dá nǹkan tuntun sílẹ̀, n ó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ wò wọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n: kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ ìyá ìlù sínú àlùtúnlù. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe ìlù tó kàn ń dún. Bí ẹ bá ká ohùn ìlù tó ń kí Balógun káàbọ̀ sínú ẹ̀rọ, Balógun á ti jókòó, á ti jẹun tán, á ti dìde láti máa lọ sílé, ìlù á ṣì máa kí i káàbọ̀.

Ní ti ọdún tiwa, àti ti ojúbọ wa, ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ìgbìmọ̀ tó ti fẹ́ ra ẹ̀rọ yìí kò gùn. Ẹ pe àgbà onílù yín, kí ẹ bi í pé mélòó ni ọmọ tó ń kọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí ó bá dárúkọ ọmọ kan, owó ẹ̀rọ náà, ẹ fi gbẹ́ omele fún un, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tí a ó san owó iṣẹ́ fún, ní iye tirẹ̀, yàtọ̀ sí ti ọ̀gá rẹ̀. Bí ó bá sọ pé òun kò ní ọmọ kankan, ẹ mú ọmọ tiyín lọ fún un.